Ọ̀gá Overkamp àti Ọ̀sẹ̀ Mọ́kànlélọ́gọ́ta

Ẹni tó bá ń wá Wendelin Overkamp lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kó má wulẹ̀ dà á láàmú lọ sílé rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni yóò ti bá a, lórí àga ìdí fèrèsé, pẹ̀lú ife kọfí kan àti búrẹ́dì oníṣúgà méjì. Ọ̀kan tirẹ̀ ni. Èkejì, ti ọmọ iṣẹ́ yòówù tó bá fẹ́ sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lọ́sẹ̀ náà ni.

Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni baba náà. Àádọ́ta ọdún ló fi ṣe káfíńtà, ó sì fi èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ jẹ́ ọ̀gá lábẹ́ òrùlé ara rẹ̀, kó tó ta ṣọ́ọ̀bù, tó ta ẹ̀rọ, tó gbélé. Kò tíì lo oṣù mẹ́ta nílé tí Adelheid ìyàwó rẹ̀ fi bú sí i.

"Wendelin, ẹ̀ẹ̀mẹrin rèé tóo ti tún ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù yìí ṣe, kò sì bàjẹ́ nígbà àkọ́kọ́. Jọ̀ọ́, jáde lọ wá nǹkan ṣe, kí n tó fi ìṣó kàn ọ́ mọ́ ọn."

Bó ṣe lọ dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì nìyẹn, àwọn tó máa ń tẹ̀ lé ọmọ iṣẹ́ tí nǹkan ti sú, kó má baà já kúrò láàárín ọ̀nà. Ọdún mẹ́ta ni ọmọ iṣẹ́ ń lò níbí kó tó gba fíríìdọ̀mù. Ọdún mẹ́ta kì í ṣe ṣeréṣeré fún ọmọ tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì pé. Ẹlòmíì bá ọ̀gá rẹ̀ jà, ẹlòmíì ò lè jí láàárọ̀, ẹlòmíì sì rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbowó gidi níbòmíì, ni ọkàn rẹ̀ bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Overkamp ò ní oògùn kankan fún wọn. Yóò ra búrẹ́dì, yóò dákẹ́, yóò dúró títí ọmọ á fi sọ̀rọ̀. Ó ti tẹ̀ lé mọ́kànlá. Mẹ́jọ gba fíríìdọ̀mù, mẹ́ta sá lọ. Tí ẹ bá bi í léèrè orúkọ àwọn mẹ́jọ, yóò ronú díẹ̀. Ti àwọn mẹ́ta, kò ní ronú rárá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan lóṣù Èrèlé ni Svenja Harbeck wọlé tọ̀ ọ́ wá. Ọmọbìnrin ẹni ogún ọdún ni, eruku igi ṣì wà nínú ìpéǹpéjú rẹ̀, ọdún kẹta ló sì wà lẹ́nu iṣẹ́ káfíńtà. Kò tíì bọ́ kóòtù tó ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gá Overkamp. Wọ́n ní kí n wá rí yín. Ṣùgbọ́n kí n má tàn yín, mo ti pinnu. Mi ò ṣe mọ́."

"Kò burú. Jókòó. Èèyàn lè jókòó kó má ṣe mọ́."

Ó jókòó. Overkamp gé búrẹ́dì tirẹ̀ jẹ, ó ń wo òjò tó ń rọ̀ níta. Ọmọbìnrin yìí wò ó títí.

"Ẹ ò ní bi mí pé kí ló dé ni?"

"Búrẹ́dì wà lẹ́nu mi."

Ẹ̀rín já mọ́ Svenja lẹ́nu, kò sì fẹ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló wá tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ ló sú u. Ó fẹ́ràn igi bí ẹni tí wọ́n bí sórí pákó. Ìwé ọ̀sẹ̀ ló dá a dúró.

Ìwé ọ̀sẹ̀ yìí, kò sí ọmọ iṣẹ́ kan nílẹ̀ wa tí kò mọ̀ ọ́n. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, ọmọ iṣẹ́ á kọ ohun tó ṣe láti Ọjọ́ Ajé sílẹ̀, ọ̀gá á buwọ́ lù ú. Nígbà tí ìdánwò bá kù oṣù mẹ́ta, wọ́n á gbé ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Bí ojú ewé kan bá ṣófo, kò sí ìdánwò. Ọmọ ìbáà mọ igi gbẹ́ kí ère dìde rìn, wọ́n á ní kó máa lọ sílé.

"Ọ̀sẹ̀ mélòó lo ò kọ?" ni Overkamp bi í.

"Mọ́kànlélọ́gọ́ta."

Kọfí pá baba náà lórí. Ó wúkọ́ títí oníbúrẹ́dì fi sáré gbé omi wá.

"Ọjọ́ wo ni wọ́n ń gbà á mọ?"

"Ọjọ́ Ẹtì yìí. Kó tó di agogo méjìlá ọ̀sán."

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, àmọ́ ṣe ni ọkàn Overkamp balẹ̀. Ó ti rò pé ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ṣebí gbogbo wa la mọ oògùn èyí! Wàá yá ìwé ẹni tó ṣíwájú rẹ, wàá dà á kọ láti òkè délẹ̀, wàá yí ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ padà, ọ̀gá rẹ á sì fi ọ̀sán ọjọ́ kan buwọ́ lu gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ìgò bíà kan. Bí bàbá ṣe ṣe é nìyẹn, bí ọmọ ṣe ń ṣe é nìyẹn. Overkamp là á yé e báyìí, ó tilẹ̀ ń fi ìka lu tábìlì bó ṣe ń sọ ọ́.

Svenja mi orí. "Mo mọ̀. Àwọn yòókù ti fún mi ní tiwọn. Mi ò lè dà á kọ."

"Kí ló ṣe ọwọ́ rẹ?"

"Ọwọ́ mi ò ṣe nǹkan kan. Ẹ wò ó, ìwé yẹn ní kí n kọ pé lóṣù yìí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń lẹ awẹ́ igi tó fẹ́lẹ́ bí ìwé mọ́ ojú pákó, lóṣù tó tẹ̀ lé e mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń kun igi kó máa dán. Ta ló kọ́ mi? Láti bí ọdún kan ààbọ̀ sẹ́yìn, kọ́bọ́ọ̀dù kíṣíìnì ni mò ń gbé gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà kan: 'Gbé kọ́bọ́ọ̀dù. Gbálẹ̀.' Ọ̀gá mi ju ìwé náà padà sí mi pé kí n kọ nǹkan gidi. Mo ní kí wọ́n kọ́ mi ní nǹkan gidi, n óò kọ ọ́. La bá jà. Mo pa ìwé dé lọ́jọ́ náà, mi ò ṣí i mọ́."

"Ìgbéraga nìyẹn."

"Bóyá. Ṣùgbọ́n bí mo bá da irọ́ kọ tí mo gbàwé ẹ̀rí, tí arúgbó kan wá gbé tábìlì ìyá rẹ̀ wá pé kí n bá òun tún ojú rẹ̀ ṣe ńkọ́? Ṣé kí n sọ fún un pé dídà ni mo dà á kọ? Ilé ìkẹ́rùsí ọjà ńlá tó wà lójú títì yẹn ti gbà mí. Ọjọ́ Ajé ni mò ń bẹ̀rẹ̀."

 Overkamp béèrè orúkọ ọ̀gá rẹ̀.

"Ludger Brinkhoff."

Háà! Ara baba náà bù máṣọ. Òun ló kọ́ Ludger Brinkhoff níṣẹ́, ní bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, nínú ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Ó sì rántí ìwé ọ̀sẹ̀ Ludger dáadáa. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ló fi buwọ́ lu ti ọdún mẹ́ta pọ̀, tí bọ́ọ̀lù ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n, tí kò ka ojú ewé kan ṣoṣo. Ojú tì í bí ìgbà tí wọ́n ká èèyàn mọ́ ìdí ìkòkò.

"Má tíì lọ síbì kankan," ló sọ fún ọmọbìnrin náà. "Jẹ búrẹ́dì rẹ. A ò ní da nǹkan kan kọ. Fóònù rẹ ńkọ́? Ṣé o máa ń ya fọ́tò iṣẹ́ tóo bá ṣe?"

"Gbogbo rẹ̀ ni mo yà. Ọjọ́ wà lára wọn."

"Gbàyè ọjọ́ méjì lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ. Bá mi nílé lọ́la, aago méje."

Nígbà tó délé tó ròyìn fún Adelheid, obìnrin náà ò gbé ojú sókè kúrò lórí ọ̀dùnkún tó ń bó. "Ohun tóo gbìn ló hù yẹn, ọkọ mi. Lọ kórè rẹ̀."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́rú, lórí tábìlì kíṣíìnì. Svenja ń fa àwòrán jáde lórí fóònù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, Overkamp ń béèrè, ọmọ ń kọ. Ìnira ló kọ́kọ́ jẹ́.

"Ọ̀sẹ̀ yìí, mo gbé kọ́bọ́ọ̀dù," ni Svenja wí. "Ọ̀sẹ̀ kejì, mo gbé kọ́bọ́ọ̀dù."

"Gbé e lọ síbo?"

"Ilé àtijọ́ kan létí odò. Ògiri wọn wọ́ bí ẹnu arúgbó."

"Ògiri wọ́, kọ́bọ́ọ̀dù gún. Báwo lo ṣe mú wọn pàdé?"

"Mo di pẹ́ńsùlù mú, mo fi fa ìlà tẹ̀ lé ògiri sára pákó, mo wá fi ayùn kékeré gé e tẹ̀ lé ìlà yẹn. Ìgbà mẹ́ta ni mo gé e kó tó wọlé ṣinṣin."

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo kàn ń wò ó ni."

"Ọmọ yìí!" Overkamp la ọwọ́ mọ́ tábìlì. "Iṣẹ́ nìyẹn! Mo ní àwọn ọkùnrin tó fi ọdún mẹ́wàá bá mi ṣiṣẹ́ tí wọn ò lè ṣe é. Kọ ọ́ sílẹ̀! Kọ ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tóo gé e!"

Láti ibẹ̀ lọ ni nǹkan ti yí padà. Svenja rí i pé inú àwọn ọ̀sẹ̀ tóun pè ní òfìfo, iṣẹ́ wà níbẹ̀ bámúbámú. Síbẹ̀ kò bù mọ́ ọn. Ibi tí kò ti kọ́ nǹkan, ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: "Ọ̀sẹ̀ yìí, n kò kọ́ nǹkan kan." Ní ọ̀sẹ̀ kan ó kọ pé, "Mo sunkún nínú ọkọ̀." Overkamp rí i, kò bi í. Adelheid ń gbé ọbẹ̀ ọ̀dùnkún oní-sọ́séèjì wá, ó sì ń lé ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lú ìgúnpá. Nígbà tí ọ̀sán ọjọ́bọ̀ fi máa pọ́n, ọ̀sẹ̀ mọ́kànlélọ́gọ́ta pé. Ìka Svenja ti wú.

Ó wá ku ìbuwọ́lù.

Wọ́n bá Ludger Brinkhoff nídìí ayùn ńlá. Ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn ni, ẹni àádọ́ta ọdún dín ọ̀kan. Bó ṣe rí Overkamp, ó pa ẹ̀rọ, ó nu ọwọ́.

"Ọ̀gá! Kí ló gbé yín dé?" Ó wá rí Svenja lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìwé láyà. "Áà. Ó ti yé mi."

Ó gba ìwé náà, ó ka ojú ewé mẹ́ta lórí ìdúró. Ọrùn rẹ̀ pọ́n.

"Ṣé ẹ fẹ́ kí n fọwọ́ ara mi gbẹ́ sàréè mi ni? Ẹni tó bá ka èyí á ní Brinkhoff sọ ọmọ oníṣẹ́ di alábàárù! Ọ̀gá, kíṣíìnì làwọn èèyàn ń rà. Oníṣẹ́ márùn-ún ń jẹun lórí kíṣíìnì. Ta ló ń béèrè awẹ́ igi tín-ín-rín lónìí? Kí ni kò jẹ́ kó dà á kọ bíi tàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ara gbogbo wa tù wá?"

"Kì í purọ́," ni Overkamp fèsì.

"Èmi ń purọ́ nígbà náà?"

"Ludger, dúró. Ìwé tìrẹ, èmi ni mo buwọ́ lù ú. Mi ò ka ojú ewé kan níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù ni mò ń wò. Èmi ni mo kọ́ ọ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀gá nìyẹn. Ẹ̀bi mi ni, mo wá tọrọ àforíjì."

 Ludger jókòó sórí òkìtì pákó, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Mo mọ̀ pé ẹ ò kà á," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe mọ̀. Lọ́dún kejì, nígbà tí bàbá mi kú, mo kọ ọ́ sínú ìwé yẹn pé mi ò lè ṣe iṣẹ́ yìí mọ́, pé mo fẹ́ máa lọ. Mo kọ ọ́ gàdàgbà. Mo ní ọ̀gá mi á rí i, wọ́n á pè mí, wọ́n á bi mí pé kí ló dé. Ẹ buwọ́ lù ú."

Ọ̀rọ̀ náà gún Overkamp lọ́kàn. Àṣé kẹrin wà! Gbogbo ìgbà tó ń ka àwọn mẹ́ta tó sá lọ, kò mọ̀ pé ẹnì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ mọ́ ọn lójú, nínú ilé rẹ̀, lábẹ́ kálámù rẹ̀.

"Kí ló wá dá ọ dúró?"

"Mi ò ní ibi tí mo fẹ́ lọ ni," ni Ludger wí. Ó fa imú. "Svenja, gbé àga wá. Gbé kálámù wá."

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kìíní, ó sì ń kà á. Kì í ṣe pé ó ń ṣí i gààrà gààrà, ó ń kà á ni, ó ń fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀. Níbòmíì á rẹ́rìn-ín, níbòmíì á ní, "Irọ́ ni, èmi ni mo gbé ẹ̀gbẹ́ kejì kọ́bọ́ọ̀dù yẹn!" Svenja á ní, "Ẹ gbé e dé àtẹ̀gùn kejì, ẹ̀yìn yín wá ń dùn yín." Ludger á ní, "Òótọ́ ni," á buwọ́ lù ú. Àwọn oníṣẹ́ palẹ̀ mọ́, wọ́n kí wọn pó dàárọ̀, wọ́n lọ. Ó ń kà lọ.

Nígbà tó dé ibì kan, ó dúró. "'Mo sunkún nínú ọkọ̀.' Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Oníbàárà ọ̀sẹ̀ yẹn ní obìnrin ò yẹ lẹ́ni tó ń kan kíṣíìnì òun. Ó ní kí n dúró síta títí ọkùnrin kan á fi dé."

"Kí ló dé tóo ò sọ fún mi?"

"Ẹ ò bi mí."

 "Mò ń bi ọ́ báyìí," ni Ludger wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Má bínú, ọmọ mi. N óò pe oníbàárà náà, yóò sì gbọ́ tẹnu mi." Ó buwọ́ lu ewé yẹn, ó wá tẹ̀ síwájú.

Ní ojú ewé tó kẹ́yìn, àyè kékeré kan wà tí ọ̀gá lè kọ nǹkan sí, tí ẹnikẹ́ni kì í kọ nǹkan sí. Ludger kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Lílẹ awẹ́ igi àti kíkun igi, n kò tíì fi kọ́ ọmọ yìí. Ẹ̀bi mi ni. N óò fi kọ́ ọ kí ìdánwò tó dé." Ó kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ pátá, láìgé e kúrú.

Lọ́jọ́ Ẹtì, agogo mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà ní ọ́fíìsì àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Obìnrin tó ń gbàwé níbẹ̀ kì í kà á, bó ṣe nípọn tó ló máa ń wò. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ bọ́ sórí gbólóhùn kan, ó bá ṣí òmíràn, ó bá ṣí òmíràn. Overkamp ń làágùn. Obìnrin náà ka ohun tí Ludger kọ sẹ́yìn, ó gbé ojú sókè wò ó, ó tún wo ìwé.

"Ọ̀gá Brinkhoff, ẹ̀yin lẹ kọ èyí?"

"Èmi ni."

"Oṣù mẹ́ta péré ló kù."

"Mo mọ̀. Ọ̀la la ó bẹ̀rẹ̀."

Ó tẹ òǹtẹ̀ lé e. Gbàgà! "Wọ́n gbà ọ́ wọlé ìdánwò, ọmọ. Ìwé tí mo kà jìnnà jù lọ́dún yìí rèé."

Svenja fò mọ́ Overkamp lọ́rùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e ṣubú.  Nígbà tí wọ́n dé ìta, baba náà jókòó sórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì, ó mí kanlẹ̀. Svenja dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń pe ilé ìkẹ́rùsí ọjà pé kí wọ́n má retí òun lọ́jọ́ Ajé. Ohùn ìpè yẹn dùn létí Overkamp ju orin lọ.

Ludger sì mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Gbogbo òwúrọ̀ Sátidé, òun àti Svenja ló ń wà nídìí gọ́ọ̀mù àti awẹ́ igi wọ́núùtù. Overkamp máa ń yọjú, kò lè ṣe kó má yọjú, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé gọ́ọ̀mù ti pọ̀ jù, tàbí kò tó.

"Ọ̀gá," ni Ludger máa ń wí, "ẹ máa lọ jẹ búrẹ́dì yín. Ọmọ iṣẹ́ tèmi lèyí."

Inú Overkamp máa ń dùn gan-an bí wọ́n bá lé e báyẹn.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta náà pé, Svenja yege. Tábìlì ìkọ̀wé kékeré ló kàn fún ìdánwò rẹ̀, tí ojú rẹ̀ ń dán tí ìlà igi rẹ̀ pàdé láìsí àlàfo. Lọ́jọ́ tí wọ́n fún wọn ní fíríìdọ̀mù, nínú gbọ̀ngàn ńlá, bí wọ́n ṣe pe orúkọ rẹ̀ ni Ludger pariwo ju ìyá tó bí i lọ. Overkamp ń sunkún láìfi bò. Adelheid fi ìgúnpá gún un.

"Dákẹ́ o jàre. Kì í ṣe ìwọ ni wọ́n ń fún ní fíríìdọ̀mù."

"Jẹ́ kí n sunkún mi," ló fèsì. "Ó ti pẹ́ tó ti yẹ kí n sun ún."

Lẹ́yìn tí wọ́n ṣe tán, tí bíà ti ń lọ yíká, Ludger pe Svenja sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níwájú Overkamp àti ìyàwó rẹ̀. Ó ní kó má lọ, kó dúró bá òun ṣiṣẹ́, kó máa gba owó oníṣẹ́. Ó ní ọmọ iṣẹ́ tuntun kan sì ń bọ̀ lóṣù Ògún, kò burú tó bá lè bá òun mójú tó o.

Svenja rò ó díẹ̀. "N óò dúró. Ṣùgbọ́n mo ní ọ̀rọ̀ kan. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì, láti agogo méjì sí mẹ́ta, ẹ óò pa gbogbo ẹ̀rọ, ẹ óò jókòó ti ọmọ yẹn, ẹ óò ka ìwé rẹ̀. Kì í ṣe èmi. Ẹ̀yin fúnra yín."

"Lọ́jọ́ Ẹtì? Ọjọ́ tí iṣẹ́ máa ń pọ̀ jù?"

"Lọ́jọ́ Ẹtì."

Ludger yíjú wo Overkamp bí ẹni tó ń wá alágbàwí. Overkamp ò gbèjà rẹ̀. Ó ń wo ọmọbìnrin ẹni ogún ọdún yìí, ó sì ń rò ó pé ká ní ẹnì kan ti sọ bẹ́ẹ̀ fún òun ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, pẹ̀lú ohùn yẹn, òun ìbá pa tẹlifíṣọ̀n.

"Ó dáa," ni Ludger wí. "Agogo méjì sí mẹ́ta."